Ọdún Tí Màmá Já Aṣọ Ìkélé

Ẹ fi ìdí lélẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná, nítorí ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, mi ò sì ní í sáré sọ ọ́. Ẹ má bi mí ní ọjọ́, ẹ má bi mí ní oṣù. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé búrẹ́dì, òórùn ló fi ń mọ bí ọdún ṣe ń lọ. Ọdún kan wà tí òórùn agbolé wa ní Ìlaròó yí padà, tó wá dà bíi pé ilé náà fúnra rẹ̀ fẹ́ kú. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kó àlìkámà wọlé láti òkè òkun mọ́. Èmi ò mọ ohun tó ń jẹ́ àlìkámà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn àpò ìyẹ̀fun tó máa ń ga kan òrùlé nínú yàrá ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀, títí mo fi rí ògiri tí mi ò rí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín wọ agbolé náà. Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni ilé búrẹ́dì. Ìyá Búrẹ́dì ni gbogbo ìlú ń pè é. Àáké Bàbá Lámídì, òṣìṣẹ́ wa tó ń yan búrẹ́dì, ló máa ń jí wa láràárọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán tí wọ́n ń la igi tí wọ́n máa kó sínú ààrò amọ̀ ńlá tó wà lábẹ́ igi ọsàn. Bí àáké bá dákẹ́, páànù á gbà á: èmi àti àwọn ọmọ ìyá mi obìnrin la máa ń fọ̀ wọ́n, tí a ń fi bọ́tà pa inú wọn, tí a sì ń gbá wọn mọ́ra wọn bí ẹni ń lu agogo. Lẹ́yìn náà la ó máa gbọ́ "gbì, gbì" láti inú yàrá ìpò, ohùn ìyẹ̀fun tí wọ́n ń là mọ́ pákó. Tó bá di ọ̀sán, òórùn á gba gbogbo àdúgbò, àwọn tí kò ní nǹkan kan ṣe lọ́dọ̀ wa á wá rántí pé àwọn fẹ́ kí Màmá. Èyí tó bá jóná lábẹ́ ni tiwa. A ó fi jẹ ẹ̀wà, a ó fi mu ẹ̀kọ. Mo dàgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé àwọn ọmọ kan wà láyé tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì tí kò jóná.

Ibì kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ̀ nínú ilé náà, yàrá ìpò, níbi tí Àǹtí Ràlí, ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá, ti ń po ìyẹ̀fun mọ́ yíìsì. Aṣọ ìkélé dúdú kan tó nípọn ló bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bàbá wa àgbà, ọkọ Màmá, ló ta á síbẹ̀ kó tó kú. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀, ó kọ́ ọmọṣẹ́ kan ní gbogbo iṣẹ́ náà, láti orí ìyẹ̀fun dé orí iná. Ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ gba òmìnira, Ayétòrò ló gbà lọ, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi ń gbé búrẹ́dì wá tà ní Ìlaròó lójú ọ̀gá rẹ̀. Ó ká Bàbá lára. Ó wá gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, ó pín in bí ẹni ń pín ẹran. Ẹni tó mọ ìpò kò gbọ́dọ̀ mọ iná. Ẹni tó mọ iná kò gbọ́dọ̀ mọ ìpò. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá mọ gbogbo ọ̀nà oko ló lè dá lọ kórè rẹ̀." Bí Bàbá Lámídì ṣe yan búrẹ́dì di arúgbó nìyẹn, láìmọ ìwọ̀n iyọ̀ tó ń wọ inú rẹ̀. Ìyá Dúpẹ́ ńkọ́, ìyàwó àbúrò bàbá mi? Tirẹ̀ ni kó gé búrẹ́dì, kó fi ọ̀rá wé e. Bó bá ti parí ìyẹn, á bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé lọ ṣe sítáàṣì ẹ̀gẹ́, èyí tí àwọn alágbàfọ̀ àti àwọn tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú wa fi ń mú kọ́là ẹ̀wù wọn le. Ilé kan náà la ń gbé, abọ́ kan náà la ń jẹ, ṣùgbọ́n kálukú ló di ìmọ̀ tirẹ̀ mọ́ ìdí ìró.

Ìyẹ̀fun wá wọ́n. Àwọn kan ń gbé e láti ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé ní òdìkejì ibodè gba inú igbó wọ Owódé lórí kẹ̀kẹ́, èyí tó bá sì dé ọ̀dọ̀ wa kò tó nǹkan. Ọjọ́ tí a ń dáná bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra wọn. Bí àáké kò bá ti dún láàárọ̀, a ti mọ̀ pé ẹ̀kọ lásán la ó mu. Àsìkò yẹn gan-an ni ọkùnrin kan gúnlẹ̀ láti òdìkejì ibodè. Ó ní ilé búrẹ́dì níbẹ̀, irú búrẹ́dì gígùn tó dà bí ọ̀pá, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní pàtúróònù, bí àwọn ará ọ̀hún ṣe ń pe ọ̀gá. Ẹni tó mọ iná ló ń wá. Bàbá Lámídì kò fi í pa mọ́ fún Màmá. Wọ́n lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Màmá ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá, ó ní tí wọ́n bá kórè àgbàdo tán, òun á wá mú mi."

"Kí lo wí?"

"Mo ní màá rò ó."

"Rò ó dáadáa," ni Màmá wí, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo rí i pé òkúta ló ń dà sínú abọ́, ẹ̀wà ló ń jù nù. Bí Bàbá Lámídì bá lọ, kò sí ẹlòmíì nínú agbolé wa tó lè fi ọwọ́ kan ààrò yẹn.

Àǹtí Ràlí ló kọ́kọ́ gbìyànjú nǹkan kan, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ló sì ti dá a gbìyànjú. Ó rò ó pé ìyẹ̀fun tí ìjọba kò lè fòfin dè ni tinú oko wa. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ wo sì la mọ̀ nílẹ̀ Yewa bí kò ṣe láfún? Ó ra láfún, ó pò ó mọ́ ìwọ̀nba ìyẹ̀fun tó kù, kò sọ fún ẹnì kankan, nítorí òfin ilé ni pé kò gbọ́dọ̀ sọ. Bàbá Lámídì dáná bí wọ́n ṣe ń dá a tẹ́lẹ̀. A yan án, a wé e, a gbé e lọ sí ibùdókọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn dírẹ́bà ti dé ẹnu ọ̀nà wa.

"Ìyá Búrẹ́dì, ẹ kú iṣẹ́ o! Búrẹ́dì yín dé ọwọ́ wa. Ọbẹ̀ ẹja rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ má dá a lóhùn, Màmá," ni èkejì wí. "Èmi fẹ́ràn tèmi. Mo fi dí ẹ̀yìn táyà mi kí mọ́tò má bàa yí padà sẹ́yìn."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Àwa ọmọ náà rẹ́rìn-ín, a sì jẹ ìgbájú nítorí rẹ̀. Nínú àgbàlá, ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

"Iná yín ló pa á, Bàbá Lámídì!"

"Iná mi? Iná tí mo ti ń dá kí ìwọ Ràlí tó mọ bí wọ́n ṣe ń ró aṣọ? Kí lo pò sínú ẹ̀?"

"Ẹ ò gbọ́dọ̀ bi mí."

"Ó dáa. Ìwọ náà má bi mí ní ọ̀rọ̀ iná."

Màmá jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá bi Àǹtí Ràlí pé, "Nígbà tí o pò ó, báwo ló ṣe rí lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó ń já ni, Màmá. Kò fà."

"O sọ fún Lámídì?"

"Ṣé ẹ ní kí n máa sọ ni?"

Màmá kọjú sí Bàbá Lámídì. "Ìwọ, nígbà tí o tì í wọ ààrò, kí lo rí?"

"Mo rí i pé kò wú. Òkè rẹ̀ sì ti le gbagidi kí inú rẹ̀ tó jinná."

"O sọ fún Ràlí?"

"Ìyá, ṣé èmi lè fọwọ́ kan aṣọ yẹn ni?"

Ìyá Dúpẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ náà látibi tó ti ń ká ọ̀rá. "Èmi gbóòórùn kíkan nígbà tí mo ń gé e. Mo kàn ní bóyá bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Títí di òní, mo lè rí bí Màmá ṣe jókòó, tó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún, tó ń wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. "Gbogbo yín lẹ rí i pé búrẹ́dì ń ṣàìsàn," ni ó wí, "kò wá sí ẹni tó lè sọ fún ẹnì kejì." Ó dìde, ó lọ sí ẹnu yàrá ìpò, ó di aṣọ ìkélé mú, ó sì já a. Ó ya fàà. Eruku ìyẹ̀fun àtayébáyé bo orí rẹ̀, ó funfun bí egúngún, kò sì sí ẹni tó láyà láti rẹ́rìn-ín.

Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá wa àgbà, tó ń gbé ní iwájú ilé, gbọ́ ariwo, ó sáré jáde. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Màmá ti ní ọmọ-ọmọ, ìyàwó ilé ni lójú àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀.

"Ìyàwó wa, kí lẹ ṣe yìí? Ṣé ẹ ti gbàgbé ẹni tó lọ sí Ayétòrò ni?"

"Mi ò gbàgbé, Bàbá Kékeré."

"Bí gbogbo wọn bá mọ̀ ọ́n tán, gbogbo wọn ló máa lọ."

"Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á lọ náà. Ebi ni yóò lé wọn. Ṣé ọwọ́ ọmọdé tó pẹpẹ ni, àbí t'àgbàlagbà wọ kèrègbè? A ti so ọwọ́ gbogbo ayé nínú ilé yìí, a wá ń bi ara wa ìdí tí nǹkan ò fi ṣeé gbé."

Òfin tuntun tó ṣe kò gùn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀, á lọ ṣe ti ẹlòmíì, ẹni tó ni iṣẹ́ á sì dúró tì í, á máa kọ́ ọ. Ó tún fi ọ̀kan sí i tí mo fẹ́ràn jù: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé "bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn" láìsọ ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn àgbà tí kò bi ara wọn ní "kí ló dé" rí, bí wọ́n ṣe wá ń pariwo mọ́ra wọn nítorí ìwọ̀n iyọ̀ kan ṣoṣo!

Ṣùgbọ́n Bàbá Lámídì kò dìde. Ìdí igi tí wọ́n là ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n kẹ̀yìn sí wa. Èmi ni mo gbé omi lọ fún wọn, mo sì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nígbà tí Màmá lọ bá wọn.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní ilẹ̀. Mi ò kàwé. Iná yìí nìkan ni mo ní láyé. Tí mo bá kọ́ Ràlí tán, kí ni màá wá jẹ́ nínú ilé yìí?"

Màmá jókòó tì wọ́n lórí igi náà. "Ohun tí Ràlí mọ̀, ìwọ náà á mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, bí o bá fẹ́ tẹ̀ lé pàtúróònù, màá sìn ọ́ dé ibùdókọ̀, màá sì ṣàdúrà fún ọ. Ṣùgbọ́n má gbé ìdajì iṣẹ́ lọ, Lámídì. Ìdajì ni ọkọ mi fún yín. Mo bá a ṣe é, ó sì ń dùn mí."

Bàbá Lámídì nu ojú wọn, wọ́n gbé omi mu, wọ́n ní, "Ẹ sọ fún Ràlí kó so irun rẹ̀ dáadáa. Iná kì í mọ arẹwà yàtọ̀."

Ẹ ò bá ti wà níbẹ̀! Bàbá Lámídì ki ọwọ́ bọ ìyẹ̀fun, wọn ò rí ọwọ́ yọ. Ó lẹ̀ mọ́ wọn dé ìgúnpá, wọ́n ń pe Àǹtí Ràlí bí ẹni tí ejò ká mọ́. Àǹtí Ràlí náà, iná jó ìpéǹpéjú rẹ̀ kan lọ, wọ́n sì ń pè é ní Olójú-kan fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn iná. Ìyẹ̀fun díẹ̀ ni Bàbá Lámídì máa ń wọ́n sílẹ̀ ààrò. Bó bá pọ́n kí o tó fi ẹnu ara rẹ kí ìyá àti bàbá rẹ tán, iná ti le jù. Bó bá ṣì funfun títí o fi kí gbogbo ẹbí tán, iná ti kú. Láti ọjọ́ yẹn ni Àǹtí Ràlí ti ń dúró lẹ́nu ààrò tó ń kí àwọn ènìyàn tí kò sí níbẹ̀.

Ìyá Dúpẹ́ ló wọ yàrá ìpò tẹ̀ lé e. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan tó fi yínmú. "Ta ló fi ẹ̀gẹ́ rírẹ sínú èyí?"

"Ẹ̀gẹ́ míì tún wà ni?" ni Àǹtí Ràlí dá a lóhùn.

"Ó wà lẹ́yìnkùlé mi. Tí mo bá jẹ́ kí tèmi sùn mọ́jú nínú omi, kọ́là àwọn tíṣà á máa rùn bíi fùfú. Ọjọ́ tí wọ́n wà á náà ni mo ń lọ̀ ọ́, tí mo ń fún omi rẹ̀, tí mo ń sá a."

Gbogbo ilé kọjú sí ẹ̀gẹ́. A bó o, a lọ̀ ọ́, a fún un, a sá a sórí páànù òrùlé lábẹ́ oòrùn gangan, a sì fi asẹ́ kù ú. Ó funfun, kò rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yan án, ó fọ́ bí ilé iyanrìn. Bàbá Lámídì, tí ìpò ti ń wọ̀ wọ́n lọ́wọ́, bi Àǹtí Ràlí pé, "Kí ló ń di ti òyìnbó mú tí tiwa ò ní?" Àǹtí Ràlí ní ti òyìnbó ní okun nínú, ó ń fà bí oje. Ẹ̀gẹ́ kò ní. Ìyá Dúpẹ́ wá yíjú sí ìkòkò sítáàṣì rẹ̀ tó ń hó lórí iná, tó ń fà bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. "Èyí ń di aṣọ mú," ló wí.

Ẹ̀rín bú jáde. "Ìyá Dúpẹ́, ṣé o fẹ́ kí ikùn àwọn dírẹ́bà dúró gbagidi bíi kọ́là ni?"

Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ pò ó mọ́ ọn, ká wò ó."

Wọ́n bù díẹ̀ nínú sítáàṣì tó ti tutù, wọ́n pò ó mọ́ ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ àti ìwọ̀nba ti òyìnbó. Ó fà lọ́wọ́. Òkè rẹ̀ ṣì ń yára le, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ẹni tó wà nídìí iná mọ bí èyí tí wọ́n pò ṣe rí, ẹni tó pò ó sì mọ iná. Bàbá Lámídì ní ó lómi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí wọ́n jẹ́ kí iná rọ̀ kí wọ́n tó tì í wọlé. Àǹtí Ràlí ní kí wọ́n gbé abọ́ omi kan sínú ààrò tì í. A ba ọ̀pọ̀ jẹ́, ẹran ilé ló jẹ wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n fà á jáde, ó ga, ó pọ́n bí ìgbín tí wọ́n fi epo pa. Màmá bù ú sí méjì, èéfín rẹ̀ jáde, ó fi kan imú. Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ló fún àwa ọmọ, èyí tí kò jóná rárá.

Nígbà tí wọ́n kórè àgbàdo tán, pàtúróònù dé lóòótọ́. Màmá gbé àga fún un, ó fún un ní tíì àti búrẹ́dì. Ọkùnrin náà gé e sẹ́nu, ó dúró, ó tún gé e.

"Ìyá, ìyẹ̀fun ibo lẹ rí rà?"

"Ti oko wa ni."

"Ta ló ṣe é?"

Bàbá Lámídì fi ẹnu tọ́ka sí Àǹtí Ràlí, Àǹtí Ràlí tọ́ka sí Ìyá Dúpẹ́, Ìyá Dúpẹ́ tọ́ka sí Bàbá Lámídì. Àlejò náà rẹ́rìn-ín. "Èwo nínú yín wá ni kí n mú lọ?"

Gbogbo wa wo Bàbá Lámídì. Ọwọ́ Màmá dúró lórí ife tíì. Bàbá Lámídì gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára bùbá wọn. "Tí ẹ bá mú mi lọ, ọ̀gá, ẹ ó ní búrẹ́dì yìí. Ṣùgbọ́n èyí tí a máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ibí ló ti máa jáde. Ẹ jẹ́ kí n dúró rí i."

Wọ́n dúró rí i lóòótọ́, nítorí ẹnu kò dákẹ́ mọ́ nínú ilé náà. Ẹnì kan á ní kí a fi àgbọn sí i, ẹnì kan á ní kí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù sí i, wọ́n á jà, wọ́n á pò ó wò. Nígbà tí ìjọba tún ṣí ọ̀nà fún àlìkámà, a kò padà sí bí a ṣe wà. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ Bàbá Kékeré wá ṣẹ. Àǹtí Ràlí lọ́kọ sí Owódé, ó mọ ààrò síbẹ̀. Bàbá Lámídì padà sílé wọn ní Ìmẹ̀kọ, wọ́n mọ ààrò tiwọn. Ìyá Dúpẹ́ àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Ifọ̀nyìntẹ̀dó, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ló ń ṣe tà fún àwọn méjèèjì, òun náà sì ń yan díẹ̀.

"Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ?" ni Bàbá Kékeré ń bi Màmá.

"Ẹ sọ ọ́, Bàbá Kékeré. Ẹ gba, ẹ jẹ ti Owódé yìí. Ràlí ti fi nǹkan kan sínú ẹ̀ tí mi ò mọ̀." Màmá á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á di ojú, á máa wá ohun tí ọmọ rẹ̀ fi kún un.

Nígbà tí Màmá lọ, tí a sin ín tán, tí àwọn àgbà pe ìpàdé pé kí á pín ohun tó fi sílẹ̀, bàbá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ gba ilé, wọ́n gba oko. Àwọn ìyàwó ilé pín aṣọ àti ìkòkò. Èmi gba páànù, mo kó wọn lọ sílé ọkọ mi, títí di òní ni mo sì fi ń yan búrẹ́dì, tí àwọn tí mo ń kọ́ níṣẹ́ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku ààrò ńlá abẹ́ igi ọsàn. Bàbá Kékeré ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ sọ̀rọ̀. Àǹtí Ràlí ní òun ní tòun. Ìyá Dúpẹ́ ní òun ní tòun. Bàbá Lámídì, tí wọ́n ti darúgbó gan-an, ní méjì ni tàwọn ní Ìmẹ̀kọ. Wọ́n kọjú sí mi, mo mi orí pé rárá. Ọdún náà ni adìẹ kan tí ìyàwó Bàbá Kékeré ń sìn wọ inú ààrò tútù náà, ó yé sí i, ó sì pamọ. Òun ló jogún rẹ̀. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ni kò tíì ní ààrò tirẹ̀.